Orúkọ Tí Màmá Kì Í Pè

Níbi ìsìnkú Màmá, gbogbo ẹni tó gba máìkì ló ń sọ pé akíkanjú obìnrin ni wọ́n. Wòlíì sọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ sọ ọ́. Àní onílé wa, tí òun àti Màmá kì í kíra fún ìgbà pípẹ́, òun náà sọ ọ́, ó tún ń nu ojú. Mo jókòó síwájú, mò ń mi orí bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n nínú mi mò ń wí pé, ẹ̀yin èèyàn yìí, ta lẹ ń sọ ná? Ẹ̀rù máa ń ba Màmá. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Èmi ọmọ ọmọ wọn, tí mo bá wọn sùn lórí ẹní kan náà láti kékeré, mo mọ bí àyà wọn ṣe máa ń lù tí mọ́tò bá dúró lẹ́nu géètì wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí gan-an, nítorí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ibi ilẹ̀kùn ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a ń gbé ní Igbó-Elérin, fésì-mí-n-fésì-ẹ ni, yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Gbogbo ayálégbé tó kù, kọ́tìnnì nìkan ni wọ́n máa ń ta sílẹ̀ lọ́sàn-án kí atẹ́gùn lè wọlé. Tiwa nìkan ló máa ń wà ní títì. Màmá ní kí wẹ́dà kan ṣe ọ̀pá irin sí i lẹ́yìn, èyí tí wọ́n máa ń dábùú rẹ̀. Ooru á mú wa bí ẹni wà nínú ìkòkò. Bí mo bá lọ pọnmi tí mo padà wọlé pẹ̀lú báké lórí, kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, mo ti máa gbọ́ ọ: "Ti ilẹ̀kùn." Wọn kì í kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ìyá Ṣikírà, aládùúgbò wa tó kọjú sí wa, bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Àbíkẹ́, ṣé wúrà lẹ kó pamọ́ síbẹ̀ ni?" Màmá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó sàn kó jẹ́ wúrà. Wúrà kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é."

Iṣẹ́ sùtánà ni Màmá ń ṣe. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun pọ̀ láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomaiko, àwọn ọmọ ìjọ a sì máa kó sùtánà wọn wá fún Màmá láti fọ̀. Màmá á fọ̀ ọ́, á rẹ ẹ́ sínú búlúù, á fi sítáàṣì sí i, á sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí tí á fi le gan-an. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìnkùlé wa á funfun láti orí okùn dé orí okùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́. Bí ohùn ọkùnrin tí a ò mọ̀ bá dún lẹ́nu géètì, Màmá ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn na ìka sí mi, èmi á sì kó sáàárín àwọn aṣọ tútù náà. Ẹsẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí láti ibẹ̀. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ mi lójú, n ò ní lè mí dáadáa, n ò sì gbọ́dọ̀ wúkọ́. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn sítáàṣì, inú mi á kọ́kọ́ tutù nini. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ohùn Màmá pé, "Jáde wá, ẹni tó ń ka mítà ni."

Wọ́n a máa jà, ẹ má rò pé wọ́n jẹ́ onísùúrù. Ìjà tí wọ́n bá Ìyá Ṣikírà jà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ohun tí Ìyá Ṣikírà ṣe kò ju pé àlejò kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú ilé yìí tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ó ṣe tán! Màmá sọ kàìnkàìn ìfọṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí obìnrin yẹn títí ó fi ń sunkún, tí ó ń bẹ̀bẹ̀, tí ó ń pe Ọlọ́run wá jẹ́rìí pé òun ò mọ̀. Nígbà tí àwọn ayálégbé ní kí wọ́n dárí jì í, wọ́n dárí jì í lóòótọ́, Màmá náà ló sì wẹ ọmọ fún un nígbà tó tún bímọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé lọ́jọ́ ìjà yẹn, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Ẹnu ò ní géètì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn."

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló ń lé wa. Ó dáa.

Ìyá mi, Àbíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, fẹ́ awakọ̀ tánkà kan, ọmọ Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ìyá ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni wọ́n bí mi. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ìyá lọ, ọmọbìnrin dé, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ ọ́ bí kò ṣe Yétúndé? Gbogbo agbo ilé wọn ló ń yọ̀. Àgbà ọkùnrin á wọlé, á dọ̀bálẹ̀ fún ìkókó, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá wa." Màmá sọ mí ní Mojísọ́lá, wọ́n sì fi nǹkan sínú abọ́ bí ìyá ìyàwó ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò dun Màmá. Ohun tó dùn wọ́n ni pé bàbá mi ń lu ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi sì pọ̀n mí sá wálé, àwọn ará ilé bàbá mi ò wá ìyá mi. Èmi ni wọ́n ń wá. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ dá ìyá wa padà fún wa!"

Ẹjọ́ náà dé kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́. Kóòtù tú bàbá àti ìyá mi ká. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá mi ni kí n wà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé bí nǹkan bá ṣe ìyá mi, kí ìyá rẹ̀ tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi bínú lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, kò sì padà. Nígbà tó ṣe, àìsàn mú ìyá mi lọ, n ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lọ́dún yẹn kan náà, àgbàrá òjò wọ yàrá wa, ó ba gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ìyá mi jẹ́, ìwé ìdájọ́ sì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Màmá ti sin ọmọ wọn ni wọ́n ti yọ Yétúndé kúrò lẹ́nu. N ò gbọ́ ọ rí nílé wa. "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ," wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, èmi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń bá wí.

Ẹnu géètì ilé ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Màmá kì í pẹ́ wá mú mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òjò dá wọn dúró. Mo ń retí wọn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nígbà tí mọ́tò Píjò kan dúró. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ò fi àyè ọ̀wọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó wò mí títí. Ó ṣí fìlà. Lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé, ó nà gbalaja sórí ẹrẹ̀, ó ní, "Yétúndé, ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo tọ̀ sára ni. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo mọ́ mi ni, ǹ bá sá. Ṣùgbọ́n omi wà lójú ọkùnrin náà lóòótọ́. Ó ń wò mí bí ẹni pé èèyàn mìíràn ló wà nínú mi tó mọ̀ ọ́n, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹni yẹn.

Màmá ló gbà mí. Wọ́n sáré dé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá.

"Ta lẹ ń kí?"

"Ìyá wa ni mò ń kí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Kò sí Yétúndé níbí. Mojísọ́lá lọmọ yìí ń jẹ́. Ẹ bi tíṣà."

Tíṣà ní Mojísọ́lá ni lóòótọ́. Ọkùnrin náà dìde, kò gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kò bínú, ó ní, "Màmá, ọlọ́pàá ni màá mú dání tí mo bá padà wá. Bí ẹ bá ní ìwé kóòtù lọ́wọ́, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ ò bá ní, ìyá wa ń lọ sílé."

Bí ìrìn kóòtù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá ò mọ̀wé, wọn ò sì lè fi mí sílẹ̀ sílé, ni a bá jọ ń lọ. A lọ sí Òjó, wọ́n ní kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ti kó kúrò nígbà tí wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀, ká lọ sí Ìbà. A dé Ìbà, wọ́n ní àwọn fáìlì àtijọ́ ò bá àwọn wá, ká padà sí ẹ̀yìn ilé àtijọ́ ní Òjó. Ọkùnrin kan tó ń fi táípù kọ̀wé lábẹ́ agboòrùn kọ lẹ́tà fún wa pé a ń bẹ kóòtù fún ẹ̀dà ìdájọ́. A búra. Màmá tẹ àtàǹpàkò. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, òǹtẹ̀ náà di méjì, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Yàrá fáìlì wà lẹ́yìn káńtà. Páànù rẹ̀ ń jò, ikán ti gba ògiri kan, wọ́n sì fi okùn di àwọn fáìlì bí ìdì igi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, obìnrin ni, ó máa ń jẹ orógbó, ohùn rẹ̀ sì ga ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní, "Màmá, ẹjọ́ tó bá ti ní ọmọ nínú, orúkọ ọmọ la fi ń kó o pamọ́. Kí lorúkọ ọmọ?"

"Mojísọ́lá."

Ó wọlé, ó sín títí, ó jáde. "Kò sí Mojísọ́lá kankan o."

Ǹjẹ́ Màmá ò mọ orúkọ tí kóòtù kọ sílẹ̀? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa! Bàbá mi ló sọ ọ́ níwájú àwọn adájọ́, Màmá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n lọ́kàn pé ọjọ́ tí àwọn bá fi ẹnu ara àwọn pè é ni àwọn ti gbà pé èmi ni òkú ọlọ́kú yẹn, èmi náà á sì dìde máa tẹ̀lé ẹni tó ni mí. Gbogbo nǹkan mìíràn ni wọ́n sọ fún akọ̀wé. Wọ́n sọ orúkọ ìyá mi. Wọ́n sọ pé ọdún náà sún mọ́ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó. Wọ́n sọ àwọ̀ fìlà tí alága kóòtù dé.

"Màmá," akọ̀wé ní, "a kì í fi fìlà kó fáìlì."

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ní ọ̀nà ẹsiprẹ́ẹ̀sì, mo bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe orúkọ tí ọkùnrin ọjọ́sí pè ni akọ̀wé ń wá. Màmá dúró gbagidi. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n ní, "Fi orúkọ yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó bá pè é ló ṣílẹ̀kùn."

A lọ, a bọ̀, kò sí nǹkan. Àfìgbà tí ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí wa pé òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún wà níwájú káńtà. Wọ́n na ọrùn kọjá káńtà, wọ́n sọ nǹkan sí akọ̀wé létí, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni orí ń bínú sí! Akọ̀wé kàn yíjú sẹ́yìn, ó fi ohùn gbàmùgbàmù yẹn pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú yàrá fáìlì pé, "Yétúndé!"

"Mà," mo ní.

Èmi gan-an ò mọ ibi tó ti jáde. Ẹnu mi ló dáhùn, èmi ò rán an níṣẹ́. Màmá gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ìka wọn fi hàn lára mi. Wọn ò wò mí. Omi kán sórí káńtà, wọ́n sì fi iborùn nù ún kí akọ̀wé má bàa rí i. Fáìlì náà jáde, ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ò fara pa. Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀. Nínú mọ́tò, Màmá ní, "Àwọn tó ń pè ẹ́ ti gbọ́ ohùn ẹ."

Ọ̀sán ni wọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ọlọ́pàá kan. N kò ní gbàgbé rẹ̀: Màmá fúnra wọn ló gbé ọ̀pá irin kúrò, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì na ìwé sí ọlọ́pàá. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ọ̀gá, ìwé kóòtù nìyí. Ọmọ tó ń jẹ́ Yétúndé, ọ̀dọ̀ Màmá yìí ni kóòtù fi í sí. Ẹ ò sọ eléyìí fún wa ní àgọ́ o." Ó jáde, ó lọ fara ti mọ́tò.

Ìwé ti lé ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà ló kù. Ó wo Màmá, ó ní, "Lẹ́nu géètì ilé ìwé, ẹ ní kò sí Yétúndé. Ìwé tí ẹ mú wá ní òun ni. Èwo la máa gbà, Màmá?"

Màmá tún ìró wọn ró. "Yétúndé ni," wọ́n ní. "Mo gbà. Ìyá yín ni."

Ayé mi dojú rú. Mo rò pé wọ́n ti fi mí lé e lọ́wọ́.

"Bó bá sì jẹ́ ìyá yín ni," Màmá ń bá a lọ, "ṣé ọmọ ló máa ń wọ́ ìyá ẹ̀ sínú mọ́tò ni? Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í níbi tó fẹ́ gbé. Bó bá ní Ọ̀tọ̀ lòun ń lọ, mi ò ní dá a dúró."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì wa. "Ìyá mi, níbo lẹ fẹ́ máa gbé?"

Mo wo Màmá. Wọ́n ti kọjú sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo ń rí. N ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ àfi ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé yẹn, mo sì sọ ọ́ bí ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ, n ò mọ ẹni tó kọ́ mi.

"Dìde," mo ní. "Máa lọ sílé. Kí o bá wa ti ilẹ̀kùn."

Ó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó dìde, kò yí ẹ̀yìn sí mi, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló rìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá.

Màmá jókòó sílẹ̀ pọ̀ọ̀. Eyín wọn ń lu ara wọn. Mo bi wọ́n pé tí mo bá ti ní Ọ̀tọ̀ ni mò ń lọ ńkọ́? Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa ẹrù kan jáde, aṣọ wọn, Bíbélì wọn, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú, gbogbo rẹ̀ ti wà ní dídì. "Ǹ bá tẹ̀ lé ọ," wọ́n ní.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù tán níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò wá mọ́. Ẹran Iléyá àti àgbọn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí "ìyá òun" lọ́dọọdún. Màmá á ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n á kí ẹni tó gbé e wá dáadáa, wọ́n á sì dábùú irin padà. Wọ́n fi ọ̀rá wé ìwé ìdájọ́, wọ́n rán an mọ́ inú yẹ̀rì wọn, a sì bá a lára wọn nígbà tí a ń wẹ̀ wọ́n. Orúkọ yẹn ò sì tún jáde lẹ́nu wọn. Mo parí ilé ìwé, mo kọ́ṣẹ́, mo di àgbàlagbà tó ń sanwó ilé náà, Mojísọ́lá ni mò ń jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, mo ti Ìyànà Ìbà ra oògùn bọ̀. Ojú wọn wà ní dídì. Mo gbé oògùn kalẹ̀, mo yíjú padà bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà èwe mi, mo ti di ọ̀pá irin mú.

"Yétúndé."

Ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn wọn mọ́ gaara. "Mà," mo ní.

"Má ti ilẹ̀kùn."